Ọmọ Tí Wọ́n Pọ̀n Wá sí Kíláàsì Wa

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní ìpẹ̀kun Ìtàjí-Èkìtì, inú mi kò dùn rárá. Yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà la sì ń gbé. Mo ti gbàdúrà títí kí n rí ilé-ìwé tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ibi tí wọ́n wá fi mí sí, takisí á já mi sílẹ̀ lójú títì, màá sì tún gun ọ̀kadà gba ọ̀nà oko wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní tíṣà tuntun ni mí. Ó dín eré kù, ó yíjú wò mí.

“Ilé-ìwé yẹn ṣì wà, ma?”

Ó ṣì wà. Ilé gígùn méjì ni, wọ́n kọjú síra wọn, pápá tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán sì wà láàárín wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀kan, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára ni. Búlọ́ọ̀kù ni èkejì, ṣùgbọ́n yàrá tó wà lópin rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, jẹ́ obìnrin sísanra tó máa ń rọra rìn. Ọmọ ìlú náà ni, ilé-ìwé yẹn gan-an ló sì ti ka ìwé mẹ́fà rẹ̀. Ó mú mi yíká bí ẹni tó ń fi ilé bàbá rẹ̀ han ìyàwó tuntun.

Ó ní oko obì ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, àárín ìlú ni àwọn ọmọ àdúgbò ń rìn lọ kàwé, odò tó wà lọ́nà sì máa ń kún lójò débi pé wọn kì í lè kọjá. Àwọn àgbààgbà ìjọ Áńgílíkà lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀, wọ́n tọrọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gún amọ̀, àwọn obìnrin pọn omi. Àwọn Kátólíìkì tó wà ládùúgbò náà kò dúró wòran, wọ́n ní ọmọ tó ń wá ìwé kò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá ni ìjọba wá gbà á.

“Nígbà tiwa,” Ọ̀gá wí, “a kún débi pé abẹ́ igi ni kíláàsì kan ń jókòó. Bí o bá pẹ́ dé, gbòǹgbò lo máa fi ṣe bẹ́ńṣì.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe wo pápá náà.

Ìgbà tí mo débẹ̀, nǹkan ti yí padà. Ilé-ìwé aládàáni ti hù káàkiri bí olú. Láàárọ̀, màá rí àwọn ọmọ àdúgbò wa lórí ọ̀kadà, mẹ́ta-mẹ́ta, nínú yunifọ́ọ̀mù tó mọ́ tónítóní, wọ́n á kọjá níwájú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí wọn kò tíì mọ imú fọn. N kò lè bá òbí wọn wí. Aládàáni ni àwọn ọmọ tèmi náà wà ní Ọ̀yẹ́. Àwọn tó kù fún wa ni ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́, àti àwọn tí òbí wọn kò rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Èmi ni mo mú kíláàsì kìíní àti ìkejì pọ̀ nínú yàrá kan. Àwọn kan kọjú sí bọ́ọ̀dù iwájú, àwọn kan kọjú sí tẹ̀yìn, èmi wà láàárín, mò ń yí bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ọ̀rọ̀ sì ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa pa wá pọ̀ mọ́ ilé-ìwé kan láàárín ìlú, kí wọ́n sì ti tiwa pa.

Sáà kejì mi níbẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí ọmọbìnrin kan lójú fèrèsé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, á tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó pọn ọmọ ọkùnrin kan sẹ́yìn. Abà tó wà lọ́nà oko ló ti ń wá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ará Ìgbìrà ń gbé, tí wọ́n gba ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. N kì bá tí fura sí i bí kì í bá ṣe ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké “a, b, d, e,” ọmọ náà á gbà á lẹ́nu wọn, á máa hó ní tirẹ̀, á fi gbogbo agbára hó. Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á dàrú.

Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ bá a.

“Kí lo wá ṣe níbí?”

“Mò ń wò ni, ma.”

“O ò ṣe lọ sílé-ìwé?”

Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi kò yé e. “Ṣé kì í ṣe ilé-ìwé nìyí ni, ma?”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni Ọ̀gá yọ láti yàrá rẹ̀. Ó ti gbọ́ wa. Ó wo ọmọ náà, ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Wọlé.”

“Ọmọ yìí ńkọ́, ma? Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́.”

“Ta ló ní kó o sọ̀ ọ́? Wọlé tòun tọmọ.”

Nígbà tí a jáde fún ìsinmi, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ma, kíláàsì méjì ni mo mú. Ẹ wá fi ìkókó kún un.”

“Àǹtí,” ó dá mi lóhùn, “bí a bá ní kí ọmọ kékeré yẹn lọ sílé, àgbà tó pọ̀n ọ́n á bá a lọ. Ọmọ mélòó la ní tí a fẹ́ máa lé èyí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá?”

Bí wọ́n ṣe fi àwọn méjèèjì kún iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ ò rí ọ̀sẹ̀ yẹn! Ọmọ náà rá wọ abẹ́ bẹ́ńṣì, ó jẹ ṣọ́ọ̀kì, ó tú okùn bàtà, ó sì tọ̀ sórí ìwé kíkà kan tí kò sí irú ẹ̀ méjì lọ́wọ́ wa. Inú àwọn ọmọ kíláàsì dùn kọjá ààlà. Ìyá kan láàárín ìlú gbọ́, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán.

“Ṣé ilé-ìwé lẹ ń ṣe ni, àbí ilé ìgbẹ̀bí?”

Ojú tì mí. Ọ̀gá ní kí n má dáhùn.

Màmá àgbàlagbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá náà. Ó máa ń sá èlùbọ́ sẹ́bàá ògiri wa, a sì máa ń kí ara wa. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kò dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jó o títí, pàbó. Kíláàsì kò gbọ́ nǹkankan mọ́. A ò mọ ìgbà tí màmá náà wọlé, àfi bí a ṣe gbóhùn rẹ̀.

“Ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹkún ọmọ yìí ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e fún mi, ulé mi kò jìnnà.”

Ó ti na ọwọ́ kí a tó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wojú rẹ̀, ó dákẹ́. Màmá gbé e kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ jókòó láìpọnmọ. Ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn ṣáá, á fọwọ́ kan ìbàdí ara rẹ̀, á tún gbé e wá síwájú. Nígbà tó yá, ó gbàgbé, ó tẹrí ba sórí ìwé. Mo rí i pé gbogbo ohun tí mo ti kọ sí bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ti mọ̀ sórí. Ọwọ́ tó máa fi kọ ọ́ ni kò tíì rọ̀. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ pẹ́ńsùlù. Ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin tó ń kọ ebè.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, á kọ́kọ́ yà gbé ọmọ fún màmá, á sì wá jókòó sáàárín àwọn tí orí wọn kò ju èjìká rẹ̀ lọ. Kò tijú wọn. Àwọn gan-an ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbà tí iṣu ta, a ò rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì wọlé. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwa méjèèjì lẹ́yìn tí a jáde ilé-ìwé. Bí ẹ bá mọ bí Ọ̀gá ṣe tóbi tó, ẹ ó mọ̀ pé ìrìn náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí a dé abà, bàbá ọmọ náà sáré gbé àpótí wá fún wa, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, wọ́n fi iṣu sísun àti epo tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà iṣu, kò sún mọ́ wa.

“Ìyá wa,” bàbá náà sọ fún Ọ̀gá, “n kò kórìíra ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ yìí. Èmi àti ìyá wọn, ilẹ̀ mọ́, oko ni. Òun ni àgbà. Ta ló máa bá wa mú wọn?”

“Ṣebí èyí tó kéré jù ti ní ẹni tó ń mú un?”

“Ọ̀kan nìyẹn, ma. Àwọn tó kù ńkọ́?”

Ọ̀gá gé iṣu, ó fi kan epo, ó jẹ ẹ́ tán kó tó fèsì. “Ẹ kó gbogbo wọn wá.”

Mo yíjú wò ó. Ìyá ọmọ náà sọ nǹkan fún ọkọ rẹ̀ ní èdè wọn, ó sì wá bi Ọ̀gá ní Yorùbá pé, “Ẹni tí ẹ ní ó ń gbé ọmọ mi yẹn, ta ni? Ṣé ó bímọ?”

“Ó bí mẹ́fà, ó tọ́ wọn yè. Kò sí ọ̀kan mọ́ nínú ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣófo.”

Obìnrin náà mirí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ wá. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Ilé màmá ló lọ, ó jókòó, àwọn méjèèjì jọ ń bó ẹ̀gúsí, èdè wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti kíláàsì. Nígbà tí oòrùn mú, ó dìde, ó fi ọmọ sílẹ̀, ó lọ sóko.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tò gba ọ̀nà oko bọ̀. Àgbà mú kékeré lọ́wọ́, wọ́n gbé oúnjẹ wọn sínú ike. Kì í ṣe ọmọ ilé kan ṣoṣo. Ọ̀gá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A lé ewúrẹ́ kúrò nínú yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, a fọ̀ ọ́, a tẹ́ ẹní síbẹ̀, màmá sì wọlé tọ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ìyá láti abà máa ń gbé iṣu tàbí ewébẹ̀ wá fún un. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọn ìyá ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Èyí tó bi wá nípa ilé ìgbẹ̀bí wà nínú wọn. Ó gbé ọmọ fún màmá, ó ní òun fẹ́ yára dé ọjà Ìsàn. Inú yàrá ewúrẹ́ yẹn ni jẹ́lé-ó-sinmi wa ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fún wa láṣẹ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ọkàn wa kò balẹ̀. Ọkùnrin tó le lójú ni. Ó wọ kíláàsì kan dé èkejì, ó dé yàrá ìgbẹ̀yìn, ó rí màmá lórí ẹní, ọmọ méjì lórí itan rẹ̀, àwọn yòókù yí i ká.

“Ta ni tíṣà kíláàsì yìí?”

“Èmi ni,” màmá dáhùn.

“Kí lẹ ń kọ́ wọn?”

“Mò ń kọ́ wọn kí wọ́n yéé bu ara wọn jẹ.”

Ọkùnrin náà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dọ́bìnrin tíṣà kan ránṣẹ́ sí wa fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ pípa wá pọ̀ mọ́ ilé-ìwé àárín ìlú sì wọlẹ̀ lọ.

Ọdún yẹn náà ni ìjì jà. Lọ́sàn-án Sátidé ni, kò sí ọmọ kankan nílé-ìwé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ká òrùlé ilé amọ̀ náà kúrò, ó sì gbé páànù rẹ̀ lọ sí oko ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín kíláàsì, ojú ọ̀run ló wà lókè orí rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí, àfi ọjọ́ náà. Ó ní, “Bàbá mi wà nínú àwọn tó gún amọ̀ yìí.” Mo jókòó tì í.

Ìjọ Áńgílíkà yá wa ní gbọ̀ngàn wọn, ìjọ ajíhìnrere tó wà lójú ọ̀nà kó àga wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ mú àdá dání wá ni àwọn bàbá láti abà. Wọ́n gé ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n sì na àtíbàbà gígùn sórí pápá kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ọmọbìnrin yẹn ló wà lókè, ó ń so okùn. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò. Ni àgbàlagbà kan bá fi ọ̀pá nalẹ̀ níwájú wọn.

“Àlejò ń bá wa tún ilé-ìwé bàbá wa ṣe, ẹ̀yin ń wòran. Ṣé ẹ ò lójú tì ni?”

Ojú tì wọ́n lóòótọ́. Wọ́n pe àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun àti ní Èkó, wọ́n wó ilé amọ̀ náà, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn sójú ibẹ̀. Ó pẹ́ kó tó parí. Ó dúró ní lẹ́ńtẹ̀lì, lókè fèrèsé, fún ìgbà pípẹ́, koríko hù nínú rẹ̀. Àmọ́ ó parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá kọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́dọ̀ wa láti Ọ̀yẹ́ ló kun ún, wọ́n ya ẹranko àti lẹ́tà sára ògiri. Èmi náà mú àbígbẹ̀yìn mi kúrò ní aládàáni, mò ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀. Ọkọ mi kàn wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin náà wà ní kíláàsì karùn-ún, nítorí pé a máa ń fò ó sókè, nígbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ abà gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Bàbá ọmọ náà rí ilẹ̀ mìíràn lápá Ìkọ̀lé. Òun àti ọmọ wá dágbére fún wa. Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. Màmá jáde láti ilé rẹ̀, ó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà.

“Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi,” ó sọ fún bàbá náà. “Ẹ ti ní òmíràn tó lè máa pọnmọ. Èmi kò ní ẹni tó máa bá mi pọnmi.”

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀pá ọwọ́ màmá. “Màmá, ọmọ yín ni.”

Ó gbé lọ́dọ̀ màmá títí ó fi ka ìwé mẹ́fà, tó sì wọ girama níbẹ̀. Ó ń pọnmi, ó ń sá èlùbọ́, ó ń ka Bíbélì fún un nírọ̀lẹ́ nígbà tí ojú màmá di bàìbàì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mùsùlùmí ni àwọn òbí ọmọ náà. Màmá kọ́ ọmọ náà ní àdúrà bí wọ́n ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń jí i kó wẹ ọwọ́ wẹ ẹsẹ̀ kó kí ìrun tirẹ̀. Ojú oorun ni màmá ti kú. Ọmọbìnrin yìí ló sáré wá kan ilẹ̀kùn kíláàsì mi. Kò sunkún. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wá bá mi wò wọ́n,” ó sì di ọwọ́ mi mú bí mo ṣe máa ń di tirẹ̀ mú mọ́ pẹ́ńsùlù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ màmá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkọ̀lé ní òun kò ní fi ẹni tó tọ́jú ìyá òun dé ojú ikú sílẹ̀. Ó mú un lọ, ọmọbìnrin náà sì tún wá sún mọ́ àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó máa ń yà wá wò wá lẹ́yìn ọjà, á jókòó síta, á máa bá àwọn ọmọ jà pé wọ́n ń já òdòdó. Èmi ni igbákejì olùkọ́ àgbà. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ti ní tíṣà tirẹ̀, àfi kíláàsì kẹta, tí a ṣì ń bẹ ìjọba fún.

Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún nígbà ìsinmi. Ọmọbìnrin náà ni. Ó ti yege, wọ́n ti gbà á sílé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Mo pariwo, àwọn ọmọ yíjú wò mí.

“Ẹ má tíì yọ̀, ma,” ó ní. “Bàbá mi kò tíì gbọ́. Ibẹ̀ jìnnà, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ní ta ló máa bá àwọn kórè iṣu.”

“Má sọ fún bàbá rẹ,” mo ní. “Ìyá rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún.”

“Mo ti sọ fún wọn.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kí n máa di ẹrù.”